Ẹ jẹ́ kí wolé-wolé padà wọ inú yàrá

Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa tẹ̀lé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wo yàrá tó fẹ́ gbà ní Ọyẹ́-Èkìtì, nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Táìlì ń dán nílẹ̀, ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, POP wà lókè. Ọmọ náà ti ń wá nọ́ńbà àkáǹtì tó máa sanwó sí. Ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé ni wọ́n rí i pé ògiri ilé kejì ló dojú kọ ọ́, kò jìnnà ju ibi tí apá èèyàn lè nà dé. Fèrèsé tó ń sún ni, irú èyí tó jẹ́ pé béèyàn ṣí i títí, ìdajì rẹ̀ náà ló máa ṣí. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin jókòó sí àlàfo tó wà láàárín ilé méjèèjì, àwọn kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour". Kànga wà lẹ́yìn wọn, sọ́kàwéè sì wà lẹ́yìn kànga. Ọkùnrin tó ń bá lándílọ́ọ̀dù gbowó ilé ní ìjọba fọwọ́ sí pílánù ilé náà, ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀. A gbà á gbọ́. Ohun tó ń bà wá lọ́kàn jẹ́ gan-an nìyẹn.

Ìwé pílánù máa ń wò ó bóyá ilé máa wó, bóyá ó jáde sójú títì, bóyá ó jẹ wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ta ló gbàgbé ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó n'Íkòyí lọ́dún 2021? Àmọ́ ilé tí kò wó náà ń pa èèyàn, díẹ̀díẹ̀ ló fi ń pa á, kò sì sí ẹni tó ń gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn. Afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà nínú èéfín rẹ̀. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ẹni tó bá ti sùn kò ní mọ̀ pé ó wọlé. Bí wọ́n bá bá ẹbí kan nínú yàrá láàárọ̀ tí wọn ò jí mọ́, ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ la máa ń bú. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tó kọ́ ilé náà pé níbo ló ní kí wọ́n máa gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ nílùú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, tó ti wá sọ Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Òǹdó tí a jọ pààlà di ojú ogun. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté ló ń kó o wọnú oúnjẹ. Rédíò ń kéde pé ká bo gààrí wa, ó dáa. Ihò tí káfíńtà fi sílẹ̀ láàárín orí ògiri àti páànù ńkọ́? Ibẹ̀ lèkúté ń gbà wọlé, ọmọrí ike gààrí kò sì dí i.

Lókè òkun, wọ́n ti ń fún ilé ní ìwé ẹ̀rí lórí irú nǹkan báyìí. Láti ọdún 2014 ni àjọ International WELL Building Institute, tó wà ní New York, ti ń fún ilé ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní WELL. Afẹ́fẹ́, omi, oúnjẹ, ìmọ́lẹ̀, àyè láti rìn, ooru àti òtútù, ariwo, ohun tí wọ́n fi kọ́lé, ìfọ̀kànbalẹ̀ àti bí àwọn tó wà nínú ilé ṣe ń bá ara wọn gbé: nǹkan mẹ́wàá yẹn ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ìjọba Amẹ́ríkà náà lọ́wọ́ nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Fitwel. CDC tó ń gbógun ti àrùn àti GSA tó ń bójú tó ilé ìjọba ló dá a sílẹ̀. EDGE, tí IFC ti Báǹkì Àgbáyé gbé jáde, yàtọ̀ sí wọn: iná, omi àti ohun èlò ìkọ́lé ni ìyẹn ń ṣọ́ kó má ṣòfò.

A ò ní kí Èkìtì lọ ra góòlù àti platinum, ipò tí àwọn WELL ń fún ilé tó bá yege, wá gbé kọ́ sára sẹkitéríàtì. Ohun méjì péré la fẹ́ jí lọ́wọ́ wọn. Àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí ilé bá parí ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ wá wọn afẹ́fẹ́ àti omi inú rẹ̀. Ìwé pílánù nìkan kò tó wọn. Èkejì, ìwé ẹ̀rí WELL kì í kọjá ọdún mẹ́ta kó tó di pé wọ́n tún ilé náà yẹ̀ wò. Tiwa ńkọ́? Ìwé la fi ń fọwọ́ sí ilé kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, a kì í sì í padà síbẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Àwọn tó ti dàgbà láàárín wa ṣì rántí wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń wọ ilé onílé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí aṣọ kakí bá ti yọ lórí kẹ̀kẹ́ níbẹ̀rẹ̀ àdúgbò, àwọn ọmọdé á ti sáré ṣáájú kígbe, àwọn ìyá á máa wá ọmọrí ìkòkò kiri. Kò bìkítà bóyá o kí i tàbí o ò kí i. Á tẹ̀ ba, á yọjú wo inú àmù, bó bá rí tanwíjí kan ṣoṣo tó ń ta pọ́nún, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Àwọn èèyàn kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé ló ń wọ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó jogún iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà láwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa. Gọ́tà àti búkà la sọ di oko wọn.

(Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé ká padà sílé amọ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn, ó tutù, òótọ́ ni. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, èéfín àdògán ibẹ̀ náà ló sì ba ojú ìyá wa àgbà jẹ́.)

A ò ní láti dúró de Àbújá. Nàìjíríà ti ní ìwé ìlànà ìkọ́lé láti ọdún 2006, àmọ́ Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ọ́ lọ́dún 2003 pé ètò ìlú àti ìkọ́lé wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin l'Ádó-Èkìtì lè ṣòfin náà fúnra rẹ̀: ìwé ẹ̀rí ìlera fún ilé, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti kó sínú rẹ̀, fún ọdún mẹ́ta. Kí wọ́n lẹ èsì mọ́ ẹnu ọ̀nà ní èdè Yorùbá: ṣé fèrèsé ṣí sí gbangba, ṣé omi kànga mọ́, ṣé èkúté lè wọlé, báwo ni inú yàrá ṣe gbóná tó lọ́wọ́ ọ̀sán.

Àwọn lándílọ́ọ̀dù á ní owó ilé máa gbówó lórí. Ó ṣeé ṣe, nítorí náà kí ìjọba yọ nǹkan kúrò nínú owó ilẹ̀ fún ẹni tó bá yege, kí wọ́n sì fún ilé àtijọ́ láyè láti tún ara wọn ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gúnjẹ ló nira jù. Wolé-wolé tó ń gbowó lẹ́yìn ilé kò sàn ju kò sí wolé-wolé lọ. Ìdí tí a fi ní kí èsì wà lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn: ọmọ tó fẹ́ gba yàrá l'Ọ́yẹ́ lè kà á, kó sì yọjú wo ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀ bóyá irọ́ ni.

Ilé ìjọba ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ìgbà mìíràn tí wọ́n bá kọ́ yàrá ìkàwé tuntun, kí wọ́n má tíì gé ríbọ́nù. Kí wọ́n kó 40 ọmọ síbẹ̀ lágogo méjì ọ̀sán, kí àwọn ọ̀gá tó wá ṣí i bá wọn jókòó fún wákàtí kan lábẹ́ páànù yẹn, kí kóòtù wọn wà lọ́rùn wọn, kí wọ́n sì wá sọ fún wa bóyá ilé náà yege.