Ẹ yé sọ pé ẹni tó bá ti gbọ́ Faransé ti di ògbufọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí kí n tó sùn, torí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn látàárọ̀.

Láàárọ̀ òní mo gbé e síta pé mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ògbufọ̀, ògbufọ̀ ti ọsibítù àti ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé o, kì í ṣe ti àwọn tó ń jókòó sínú yàrá gíláàsì níbi ìpàdé àwọn ìjọba. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ kí mi kú oríire, ẹ ṣé, Olódùmarè á gbọ́ tiyín náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Kétu bíi tèmi, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi níbẹ̀, ṣé Faransé ni mi ò gbọ́ ni àbí Yorùbá, pé ní Àjàṣẹ́ wa níbí (Porto-Novo, ní Benin) ọmọ ọdún 10 ń gbọ́ Yorùbá, ó ń gbọ́ Gùn, ó ń gbọ́ Faransé, ògbufọ̀ ni gbogbo wa, kí n lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe. Àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin rí fún yín, tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ wá sọ fún mi bóyá ògbufọ̀ ni gbogbo wa lóòótọ́. (Mo gba àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ ọ́. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́.)

Ìyá Àgbà là ń pè wọ́n nílé wa, Kétu ni wọ́n wà. Lọ́dún tó kọjá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù, omi ni wọ́n ń mu ṣáá, ilẹ̀ kì í mọ́ kí wọ́n má dìde lọ tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọmọ wọn àti ìyàwó ẹ̀ gbé wọn wọ tákísì, wọ́n gba Pobẹ̀, wọ́n gba Sákẹ́tẹ́, wọ́n gbé wọn wá sí ọsibítù kan ní Àjàṣẹ́ níbí. Èmi ò sí nílé, iṣẹ́ ti gbé mi lọ sí Parakou lọ́sẹ̀ yẹn, ó ń dùn mí dòní. Dókítà tó rí wọn, apá òkè lọ́hùn-ún ló ti wá, kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gùn. Ọmọ wọn, àgbẹ̀ ni, Faransé tiẹ̀ ò kọjá kó kí èèyàn. Ni wọ́n bá nawọ́ pe ọmọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ lọ níta, ìwọ, ṣé o gbọ́ Nàgó (Yorùbá tiwa náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀)? Ó ní òun gbọ́. Bó ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn.

Dókítà ní diabète ni. Ọmọ yẹn ń wá ọ̀rọ̀ yẹn lórí ara ẹ̀, Kùtọnu ló dàgbà sí, Yorùbá ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀, ó ṣáà mọ̀ pé òun ti gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń pè é, àtọ̀gbẹ ló fẹ́ pè. Ó wá ní, "Màmá, wọ́n ní àtọ̀sí ló ń ṣe yín."

Àtọ̀sí. Obìnrin tó ti lé lẹ́ni 70 ọdún, tí ọkọ ẹ̀ ti kú láti ọdún 11 sẹ́yìn. Níwájú ọmọ tó bí àti ìyàwó ọmọ.

Ìyàwó ọmọ wọn ló sọ fún mi pé wọn ò fèsì kankan, wọ́n kàn fa ìborùn wọn bojú. Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, ẹ má jẹ èyí, ẹ má mu tọ̀hún, oògùn yìí láàárọ̀ àti lálẹ́, ọmọ yẹn ń túmọ̀ èyí tó bá gbọ́, ó ń fo èyí tí kò gbọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó fo nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe délé wọ́n da gbogbo oògùn yẹn sí ṣáláńgá. Wọ́n ní Ọlọ́run ló mọ̀ pé àwọn ò mọ ọkùnrin kankan lẹ́yìn ọkọ àwọn. Wọn ò lọ sọ́jà mọ́, wọn ò lọ sí ẹgbẹ́ mọ́, torí lọ́kàn tiwọn, ohun tí ìyàwó ọmọ bá ti gbọ́, gbogbo Kétu ti gbọ́ ọ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ṣúgà fi ń jẹ wọ́n lára, tí wọ́n ń mu àgbo àtọ̀sí. Ìgbà tí mo lọ kí wọn fún Iléyá ni mo ní kí wọ́n mú ìwé ọsibítù yẹn wá kí n wò ó, mo sì rí i, diabète, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Ẹkún ni mo bú sí. Nígbà yẹn egbò ti wà lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ wọn, kò sì jiná.

Mi ò bínú sí ọmọ yẹn o. Ó fẹ́ ṣèrànwọ́ ni. Ẹni tó pè é kúrò nídìí ìgbálẹ̀ ni mò ń bínú sí. Ṣé wọ́n lè pe ẹni tó ń gbálẹ̀ pé kó wá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ torí pé ó ní ọwọ́ méjì?

Ẹ wá ń bi mí pé kí ni wọ́n ń kọ́ mi. Ní Amẹ́ríkà, kí èèyàn tó lè jókòó ìdánwò ògbufọ̀ ọsibítù, ó kéré tán wákàtí 40 ló gbọ́dọ̀ ti fi kẹ́kọ̀ọ́, irú ẹ̀ lèmi náà ń ṣe lórí fóònù lóru báyìí nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já gaara. Wọ́n ń kọ́ wa pé bí dókítà bá ní "mo", kí àwa náà ní "mo", ká má sọ pé "ó ní", kí ọ̀rọ̀ lè wà láàárín àwọn méjèèjì tó ni ín. Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe ń fi àmì kéékèèké kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ìdajì má bàa bọ́ sọnù. Ohun tá a bá gbọ́ nínú yàrá yẹn, inú yàrá yẹn ló gbọ́dọ̀ kú sí. Èyí tó ká mi lára jù ni pé tí mi ò bá mọ ọ̀rọ̀ kan, kí n dá wọn dúró, kí n sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì pé mi ò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ká ní ọmọ yẹn mọ èyí nìkan, kó ní "Dókítà, mi ò mọ orúkọ ẹ̀ ní Yorùbá", kí dókítà wá ní àìsàn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣúgà, ta ni ò mọ ṣúgà?

Ẹ sì jẹ́ ká sọ òótọ́, Yorùbá tiwa gan-an kì í ṣe èdè téèyàn kàn ń gbé sọ sórí Faransé gbàgà. Tí obìnrin kan bá ní àyà òun ń já, ẹ̀rù ló ń bà á. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi tí ẹnì kan túmọ̀ ẹ̀ pé àyà ń dùn ún, ni wọ́n bá kọ àyẹ̀wò ọkàn fún un, owó ló fi ṣòfò. Tó bá ní inú òun ò dùn ńkọ́?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan náà ni. Ní Florida lọ́dún 1980, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Willie Ramirez, ọmọ ọdún 18, wọ́n gbé e dé ọsibítù, kò mọ ayé mọ́. Àwọn ẹbí ẹ̀ ń sọ èdè Sípéènì, wọ́n ní ó "intoxicado", ìyẹn ni pé ohun tó jẹ tàbí ohun tó mu ni kò bá a lára mu, àwọn ará ọsibítù gbọ́ ọ bíi pé oògùn olóró ló gbé jẹ. Wọn ò pe ògbufọ̀ kankan, torí lójú wọn, àwọn ti gbọ́ra yé. Orí ọmọ yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń ya nínú. Kí wọ́n tó mọ̀, tọwọ́ tẹsẹ̀ ẹ̀ ti rọ títí ayé. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 71 dọ́là ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi tọ́jú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo o. Tiwa ńkọ́, ta ló máa san mílíọ̀nù kan sẹ́fà fún Ìyá Àgbà?

Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé gùn torí inú máa bí mi. Mo ti rí ọmọbìnrin tí ò lè ju ọmọ ọdún 9 lọ tí wọ́n ní kó sọ fún ìyá ẹ̀ pé oyún inú ẹ̀ ti bàjẹ́. Ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún òfin ti kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n má fọmọdé ṣògbufọ̀ ní ọsibítù, àfi tí nǹkan bá jẹ́ pàjáwìrì. Ilé ẹjọ́ náà, àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1966 tí Benin náà tọwọ́ bọ̀ sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn tí ò gbọ́ èdè ilé ẹjọ́, ọ̀fẹ́ ni kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀. Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ fi dá ẹ̀gbọ́n lóhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò jẹ́ kí n lè fọwọ́ sọ̀yà tán.

Lóṣù tó kọjá èmi fúnra mi mú Ìyá Àgbà lọ, dókítà yẹn náà la bá. Ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó ní, "tu", bó ṣe pè wọ́n nìyẹn, ìwọ, tí ìwọ bá ń ṣe báyìí lọ, a máa gé ẹsẹ̀ ẹ. Gbogbo ẹ̀kọ́ mi fò lọ. Mo ní, "Ìyá, dókítà ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tọ́jú ẹsẹ̀ yín dáadáa, kó má di ohun tí a ó máa fọ̀bẹ kàn." Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ròyìn ẹ̀ fún olùkọ́ wa, ọmọ Yorùbá ni, Kánádà ló ń gbé, ó ní mo ṣì í ṣe. Ó ní "ẹ" tí mo fi rọ́pò "tu" yẹn dáa, bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, àmọ́ mo ti gba ìbẹ̀rù tó yẹ kí wọ́n ní lọ́wọ́ wọn. Ó ní ẹsẹ̀ wọn ni, àwọn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ bó ṣe rí. Kò tiẹ̀ yẹ kí n túmọ̀ fún ẹbí mi rárá.

Mo gbà fún un. Torí ìyàwó ọmọ wọn pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ó ní wọ́n tún ti fẹsẹ̀ lásán lọ sóko, wọ́n ní dókítà ò ṣáà sọ pé ó burú. Èmi ni mo fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ṣé wọ́n á tún bá mi padà lọ síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ti tijú tán ní yàrá kan náà yẹn? Ká ní mo sì kọ̀ pé ẹbí mi ni, ta ló kù tó máa túmọ̀ ju ọmọ ìgbálẹ̀ yẹn lọ?

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la tún ń lọ. Wọ́n ní àwọn ò bá ẹlòmíì lọ, èmi nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí dókítà bá tún dárúkọ gígé ẹsẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?