"Kò Lóhùn": Ohun Tí Wọ́n Sọ fún Lotte Lehmann

Ọ̀rọ̀ kan máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akọrin: "Àbímọ́ ni ohùn. Bí Ọlọ́run ò bá fún ẹ, kò sí olùkọ́ tó lè fi í sí ẹ lọ́fun." Àìmọye èèyàn ló ti torí ẹ̀ pa ẹnu mọ́. Irọ́ sì ni.

Ìlú Perleberg ní Jámánì ni wọ́n bí Lotte Lehmann sí ní 1888, akọrin ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ orin Etelka Gerster ní Berlin, obìnrin tó ti fi orin ọ́pẹ́rà gbayì kó tó máa kọ́ni. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ló lé e. Wọ́n ní kò lẹ́bùn, kó wá nǹkan mìíràn ṣe. Ẹni tó mọṣẹ́ ló sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń mú un wá: àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà lè ṣì í.

Lehmann kọ lẹ́tà sí Mathilde Mallinger, ẹni tó kọ́kọ́ kó ipa Eva nínú Die Meistersinger, ọ́pẹ́rà tí Richard Wagner kọ, ní Munich ní 1868. Mallinger gbà á. Ọ̀fun kan náà ni, olùkọ́ ló yí padà. Ní 1910 wọ́n ti ń fún un ní ipa kéékèèké ní ilé ọ́pẹ́rà Hamburg. Ní 1912 ó kó ipa Elsa nínú Lohengrin, ọ́pẹ́rà Wagner mìíràn, Otto Klemperer ló darí orin, ìlú sì mọ̀ pé akọrin dé. Nígbà tó fi di 1916, ó ti wà ní Vienna, òun ló sì kó ipa Composer, ìyẹn ọ̀dọ́ tó ń kọ orin sílẹ̀, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọ́pẹ́rà Ariadne auf Naxos tí Richard Strauss tún kọ.

Kí wá ni ohùn gan-an? Èémí ló ń ti ẹ̀dọ̀fóró gòkè, tó ń mú tán-án-ná, awẹ́ méjì tó wà nínú gògóńgò, gbọ̀n. Bí obìnrin bá kọ nóòtì A tí àwọn olórin fi ń tún ohun èlò wọn ṣe, ìgbà 440 ni tán-án-ná rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀fun, ahọ́n àti ẹnu ló wá ń fún ìró náà ní àwọ̀. Bí tán-án-ná ṣe gùn tó, bó ṣe nípọn tó, ìyẹn ni àbímọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ti jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n iṣan ló ń darí èémí, iṣan ló ń gbé ahọ́n àti àgbọ̀n, iṣan sì ṣeé kọ́, bí a ṣe ń kọ́ ọwọ́ ọmọ ní ìlù.

Mi ò sọ pé ẹ̀kọ́ mú gbogbo àléébù rẹ̀ kúrò o. Èémí Lehmann kúrú. Ó máa ń mí láàárín gbólóhùn orin, àwọn alárìíwísí ò sì dákẹ́ lórí ẹ̀. Síbẹ̀, ipa Marschallin nínú Der Rosenkavalier, ọ́pẹ́rà Strauss, di tirẹ̀ débi pé òun ni wọ́n fi ń wọn àwọn tó tẹ̀ lé e. Ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ó dágbére fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní Town Hall, New York, ní oṣù kejì 1951. Ilé ẹ̀kọ́ Music Academy of the West ní California, tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1947, ló gbájú mọ́. Ibẹ̀ ni Grace Bumbry, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú láti St. Louis, ti wá kẹ́kọ̀ọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tó ti gba ẹ̀bùn ìdíje tó yẹ kó gbé e wọ ibẹ̀. Armand Tokatyan kọ́ ọ ní bí a ṣe ń lo ohùn. Lehmann, ẹni tí wọ́n ní kò lẹ́bùn, kọ́ ọ ní bí a ṣe ń wọnú orin.

Ní 1961, Bumbry kó ipa Venus nínú Tannhäuser, ọ́pẹ́rà Wagner, ní Bayreuth, ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ọ́pẹ́rà Wagner. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kọrin níbẹ̀. Àwọn kan ti bínú nítorí àwọ̀ rẹ̀ kó tó dé orí ìtàgé. Nígbà tó kọrin tán, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fi pàtẹ́wọ́ fún un.