Kò sí fàdákà nínú lẹ́tà ìtẹ̀wé àtijọ́

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri WhatsApp ní Iléṣà pé fàdákà wà nínú lẹ́tà onírin ilé ìtẹ̀wé àtijọ́, pé ká yọ́ ọ nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjé ló pọ̀ jù níbẹ̀: ti Linotype, ẹ̀rọ tó ń yọ́ irin ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé, sábà máa ń ní òjé bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún, áńtímónì (irú irin kan) bíi 11, tánńganran bíi 4. Áńtímónì ló ń mú un le. Tánńganran ló ń jẹ́ kó ṣàn dé gbogbo igun lẹ́tà. Nǹkan bíi 250°C ló ti ń yọ́, ṣùgbọ́n fàdákà kì í yọ́ títí di 961°C. Alágbẹ̀dẹ wúrà lè yẹ ẹyọ kan wò fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ́ ọ nínú ìkòkò ọbẹ̀. Èéfín àti eruku òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ibi gbígbẹ ni kẹ́ ẹ tọ́jú àwọn lẹ́tà náà sí, pàápàá lẹ́tà Yorùbá bíi Ẹ, Ọ àti Ṣ. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tẹ́ ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.