Ológbò Yìí Ti Sú Wa

Ó ti tó gẹ́ẹ́! Ológbò kan ládùúgbò wa, lẹ́yìn Ọjà Ọba l'Adó-Èkìtì níbí, ti sọ ara rẹ̀ di baálẹ̀. Èèyàn ò lè gúnyán tán kó gbé ọbẹ̀ sílẹ̀ lọ bomi. Bẹ́ ẹ bá lé e, kò ní sá. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde, á yanu hàà, eyín á yọ ṣóńṣó, á sì fò mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ó fi èékánná ya ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ lápá, ẹ̀jẹ̀ bolẹ̀. Ẹni tó ni ín ní eré ló ń ṣe. Eré kẹ̀? Ajá nìkan kọ́ ló ń kó dìgbòlugi ranni o! Bí ológbò bá géni jẹ, ọṣẹ àtomi tó ń ṣàn la ó fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ká tún sáré lọ gbabẹ́rẹ́. Ta ni yóò sanwó ẹ̀? Àwọn kan ní ológbò àjẹ́ ni, ká má fọwọ́ kàn án. Àjẹ́ wo? Ebi ló ń pa á! Kí olówó ẹ̀ fún un lóúnjẹ, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kó sì tì í mọ́lé.