Ẹ bi àwa tó ń lo oògùn HIV

Inú mi dùn sí ìròyìn tí mo gbọ́, pé àwọn olùwádìí pe àwa obìnrin tó ní kòkòrò HIV jókòó kí a jọ yan ohun tí wọ́n máa wádìí nípa ọjọ́ ogbó wa. Ó ti pẹ́ tó yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ òógùn òru. Màá jí lóru, aṣọ ìbùsùn á ti rin gbingbin, mi ò sì ní mọ̀ bóyá nǹkan oṣù tó fẹ́ dáwọ́ dúró ló fà á, àbí oògùn, àbí kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Dókítà á wo iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ mi, á ní kò séwu, ó parí. Ta ló bi mí bí mo ṣe ń sùn?

Ìwádìí REPRIEVE lórí àrùn ọkàn lára àwọn tó ní kòkòrò HIV, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2023, wúlò gan-an, àmọ́ nínú àwọn 7,769 tó kópa, obìnrin ò pé ìdá kan nínú mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwa obìnrin la ju ìdajì lọ nínú àwọn tó ní kòkòrò yìí lágbàáyé!

Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn olùwádìí má kàn gba ẹ̀jẹ̀ wa lọ. Kí wọ́n san owó ọkọ̀ wa, kí àwa náà sì kọ́kọ́ gbọ́ èsì ìwádìí náà.