Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́: ọ̀rọ̀ nípa ayò tí aago pa

Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹ wo obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan, tí wọn ò kí ara wọn láti oṣù tó kọjá nítorí ọ̀rọ̀ omi kànga. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀kan ò bá ṣílẹ̀kùn títí oòrùn fi mú, ta ni yóò kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn náà? Èyí tí wọ́n jọ ń jà ni. Òun ló ń ṣọ́ ọ. Òun ló mọ ìgbà tó máa ń jí àti ìgbà tó máa ń gbálẹ̀, òun náà ni yóò sì tètè fura.

Òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí àkókò ẹni tí a jọ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá tán. Kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀sì oníṣẹ́jú 5 ni mò ń wí o. Èyí tí èèyàn ní ọjọ́ 3, ọjọ́ 7, nígbà mìíràn ọjọ́ 14 láti fi ta ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mò ń sọ, tí eré kan lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nídìí ọpọ́n ayò tiwa, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó dé bá wọn á ní, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ," wọ́n á sì dá a lóhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn." Bí ọ̀kan bá dìde lójijì, gbogbo èèyàn ló rí i, wọ́n á sì bi í pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Glasgow tàbí ní Manila, kí lẹ rí lára rẹ̀? Orúkọ kan, àti aago tó ń kà sẹ́yìn.

Eré yìí ti pẹ́. Láti 1824 sí 1828 ni ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì ìlú London àti ti Edinburgh fi lẹ́tà ta á. Edinburgh ló borí, ibẹ̀ sì ni irú ìbẹ̀rẹ̀ ayò tí wọ́n ń pè ní Scotch ti gba orúkọ. Nínú ìdíje yẹn náà, London fi ìṣísẹ̀ kan ránṣẹ́, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ gbà á padà. Edinburgh ò gbà. Èmi ò dá Edinburgh lẹ́bi rárá. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó ta àtabàjẹ́, orí pátákó ló ti ṣe àṣìṣe, orí pátákó náà ló sì ti máa jìyà ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó dákẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ṣàṣìṣe. Ohun tó pa á lẹ́nu mọ́ lè má kan ayò rárá: ó lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ, ó lè jẹ́ òkú, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi ojú kan náà wo àṣìṣe àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tó gba ayò nítorí pé àkókò ẹnìkejì tán kò jalè. Nínú òfin FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, pàápàá, níbi tí àwọn méjèèjì ti jókòó kojú ara wọn, àkókò ti tán nígbà tí adájọ́ bá rí i, tàbí nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta bá ké sí i lọ́nà tó tọ́. ICCF, àjọ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951 fún ṣẹ́ẹ̀sì oní-lẹ́tà, ti lo ìlànà ìṣísẹ̀ 10 láàárín ọjọ́ 50 fún ọ̀pọ̀ ìdíje rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àdéhùn ni iye ọjọ́ yìí. Ẹni tó ń dúró náà ní ayé tirẹ̀ tó ń gbé.

Lórí Chess.com, ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí àkókò bá tán, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń parí eré náà. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa gbèrò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀ fún ọwọ́ rẹ. Lórí Red Hot Pawn, tó jẹ́ irú ibi bẹ́ẹ̀ mìíràn, àwòrán agbárí á yọ sí ẹ̀gbẹ́ eré náà, ó di ọwọ́ rẹ kóo tẹ̀ ẹ́ láti gba ayò náà tàbí kóo má tẹ̀ ẹ́. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan kó o tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo máa ń kọ ò gùn: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àkókò yín tán láti àná. Ṣé àlàáfíà ni? Bí mi ò bá gbúròó yín títí di alẹ́ Sátidé, màá gba ayò náà." Lẹ́yìn Sátidé, mo gbà á, ọkàn mi sì balẹ̀.

Bí mo bá rí i pé ó wọlé láàárọ̀ yẹn, tó ta níbòmíràn, tó sì jẹ́ tèmi nìkan, tí ayaba rẹ̀ ti lọ, tó sì ti fẹ́ pàdánù, ló pa tì, mi ò kí i, mi ò dúró. Èyí kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi gan-an lọ̀ràn ń bọ̀ wá bá, tí ọba mi ò lè sá mọ́, mi ò ní tẹ agbárí yẹn títí màá fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn kan sọ pé ọ̀kan náà ni, pé òfin ò wo ẹni tó ń borí. Òótọ́ ni, òfin ò wò ó. Èmi ń wò ó.

Ibì kan wà tí ojú àánú ti ń di ìwà ìkà sí ẹlòmíràn, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Nínú ìdíje kan tí àwa márùn-ún wà ní ìsọ̀rí kan, ẹnìkan dákẹ́. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rò pé oore ni mò ń ṣe. Ni ẹlòmíràn nínú wa bá kọ̀wé sí mi. Ó ti parí gbogbo eré tirẹ̀, kò sì lè bọ́ sí ìpele tó kàn nítorí eré tèmi tó ku ẹyọ kan yìí. Àkókò ẹni ẹlẹ́ni ni mo ti fi ń ṣe àánú. Láti ìgbà náà, eré ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, mo lè dúró títí. Nínú ìdíje, ọjọ́ méjì péré ni mò ń fún èèyàn lẹ́yìn tí mo bá ti kí i, nítorí nǹkan náà kì í ṣe tèmi nìkan láti yọ̀ǹda.

Ó ku ẹ̀yin tí àkókò máa ń tán mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta eré yìí ló fàyè gba ìsinmi; ẹ gbà á kí ọ̀ràn tó bá yín. Èmi náà ti kùnà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ iná àdúgbò wa bú, fóònù mi ṣì ní agbára tó tó wákàtí kan. N bá fi kọ gbólóhùn kan sí bàbá àgbàlagbà tí a jọ ń ta, n kò kọ ọ́. Mo ní iná á dé lọ́la. Ọjọ́ kẹsàn-án ló dé. Nígbà tí mo wọlé, àkókò mi ti tán tipẹ́, eré náà ṣì wà nílẹ̀, ìwé rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀: ó ní ṣé kò sí nǹkan, ó ní òun máa dúró di ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Sátidé, lọ́wọ́ alẹ́, ni mo kà á. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ta tèmi. Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó fi ẹṣin há ọba mi mọ́ igun, ó sì pa mí láyò.