Ọmọ tí Unilorin ò mú kì í ṣe olódo

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an ni. Gbogbo ìgbà tí lísìtì àwọn tí Unilorin mú bá ti jáde, láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán, ohun kan náà lẹ máa gbọ́: "Unilorin tó wà nílé wa níbí, ìwọ ọmọ Kwara, o ò rí i wọ̀? Olódo!" Wọ́n á sì sọ ọ́ lójú ọmọ o, níwájú àwọn àbúrò ẹ̀, níwájú àlejò.

Irọ́ ni. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni Unilorin, kì í ṣe ti Kwara. Nínú 100 àyè, 45 ni ti merit, ẹni tí máàkì ẹ̀ bá ga jù ló ni ín, ì báà jẹ́ ọmọ Ábíá tàbí ọmọ Sókótó. 35 ni ti catchment, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí àgbègbè iléèwé náà, tiwa wà níbẹ̀, àmọ́ àwa nìkan kọ́, àwọn ìpínlẹ̀ míì náà ń bá wa pín in. 20 tó kù, ti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní ẹ̀kọ́ ò tíì jinlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni, wọ́n ka Kwara náà mọ́ wọn, àmọ́ ìpínlẹ̀ tó ń pín in pọ̀. Torí náà pé ilé yín wà ní Tanke nítòsí ọgbà iléèwé ò ní kí wọ́n fi àyè kankan pa mọ́ de ọmọ yín. Ẹ tún wo kọ́ọ̀sì tí ẹ ní kó mú, mẹ́dísìn, nọ́ọ̀sì, lọ́ọ̀yà, ibi tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ. Ọmọ tó gba 260 nínú 400 ní ìdánwò JAMB lè pàdánù mẹ́dísìn kí ọmọ tó gba 200 sì rí kọ́ọ̀sì míì wọ̀ ní iléèwé kan náà, ṣé ẹni tó gba 260 ló wá di olódo? 200 yẹn gan-an ò sì rọrùn: ní 2024, nínú èsì tó lé ní 1.8 mílíọ̀nù tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde, èyí tó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ ni ò tó 200.

Wọ́n á ní téèyàn ò bá sọ̀rọ̀ sí i kò ní jára mọ́ ìwé. Ẹ gbọ́, ọmọ yẹn ti rí i lórí fóònù pé wọn ò mú òun kẹ́ ẹ tó mọ̀, ojú ti tì í. Èébú tẹ́ ẹ bá fi lé e, ńṣe ló máa jẹ́ kó máa fi nǹkan pa mọ́ fún yín, ibẹ̀ gan-an lewu wà. Iléèwé lè fún un ní kọ́ọ̀sì míì lórí CAPS, ìyẹn ojúlé JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fúnni ní àdìmíṣàn, òun fúnra ẹ̀ ló máa tẹ accept tàbí reject, ó sì nígbà tó máa ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ kan ládùúgbò wa rí irú ẹ̀, kò lè sọ fún bàbá ẹ̀ torí bàbá ti búra pé mẹ́dísìn nìkan lòun máa sanwó fún, ọmọ dákẹ́ títí àkókò fi kọjá, èsì JAMB kì í sì kọjá ọdún kan.

Ẹ jẹ́ kó sunkún tó bá fẹ́ sunkún. Ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ má fi ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wọlé ṣàpèjúwe fún un. Tí ẹbí bá ń pè, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dáhùn, ẹ ní ẹ ṣì ń wo ọ̀nà. Tára ẹ̀ bá ti balẹ̀ díẹ̀ ẹ bi í pé kí lòun fúnra ẹ̀ fẹ́, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ọ tán kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. KWASU, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara, wà ní Malete. Pólì wà ní Ìlọrin àti Ọ̀fà, ND tó jẹ́ ìwé ẹ̀rí pólì níbẹ̀, tàbí NCE tó jẹ́ ìwé ẹ̀rí olùkọ́, tàbí IJMB tó jẹ́ ìdánwò A-level, wọ́n lè fi gba Direct Entry wọ yunifásítì, 200 level, ìyẹn ọdún kejì, ni wọ́n sì sábà máa ń gbé wọn wọ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀nà ọmọ olódo kọ́ lèyí rárá, àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé pọ̀ káàkiri.

Ìtìjú yìí náà ló ń jẹ́ káwọn òbí máa kówó fún ẹni tó bá ní òun mọ èèyàn nínú ọgbà, òun á bá wọn fi orúkọ ọmọ sí i. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Àdìmíṣàn tí ò bá sí lórí CAPS, JAMB ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin àtọmọ yín sì lè jókòó yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù ẹ̀ lálẹ́ yìí.